Orí Keje: Títẹ Ègé Aṣọ Kí A Tó Rán Wọn Pọ̀

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Galadimawa, má kọ́kọ́ wo aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Wo abẹ́ tábìlì. Wàá rí àpò ìrẹsì kan níbẹ̀ tí àgékù aṣọ kún dé ẹnu: ankara tó ṣẹ́ kù lára aṣọ ẹbí, ṣadà funfun tí wọ́n fi rán bàbáńrígà, ègé aṣọ òkè tó bọ́ lára fìlà, àrán pupa díẹ̀, léèsì díẹ̀, bóyá aṣọ onílà dúdú àti funfun ti àwọn Tiv náà. Abúlé àwọn Gbagyi ni Galadimawa jẹ́ kí ìjọba tó fi òfin ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti kó kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ gbogbo ló ń wá tẹ̀dó síbẹ̀, kálukú pẹ̀lú irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ nílé baba rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpò àgékù Galadimawa kì í fi í ní irú aṣọ kan ṣoṣo nínú.

Àwọn àgékù wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ di aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní quilt. Ìpele mẹ́ta ló ní. Òkè rẹ̀ ni ègé tí a rán pọ̀, inú rẹ̀ ni òwú tàbí fáíbà bí irú èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ odindi aṣọ kan. A ó wá fi abẹ́rẹ́ gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí wọ́n má baà yẹ̀ lára ara wọn. Ẹni tó bá ti sùn ní Àbújá nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wúlò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé ìdí máṣíìnì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ni pé orí tábìlì áyọ́ọ̀nù ni aṣọ ìbora ti ń gún tàbí ti ń wọ́. Ohun tí orí yìí wà fún nìyẹn.

Lílọ̀ yàtọ̀ sí títẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ata tó wà lórí ọlọ àti aṣọ tó wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. A ń lọ ata, a ń lọ aṣọ. Ẹni tó ń lọ ata ń ti ọmọ ọlọ síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, ata sì ń sá níwájú ọmọ ọlọ títí yóò fi kúnná. Bí a ṣe ń ti áyọ́ọ̀nù lórí ṣòkòtò tàbí bùbá nìyẹn. Kò burú fún aṣọ tí a ti rán tán, nítorí ojú rírán àti etí tí a ti ká ti dì í mú. Ègé aṣọ tí a kò tíì rán kò ní ohunkóhun tó dì í mú. Ti áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, òwú rẹ̀ yóò sá bí ata ṣe ń sá, igun rẹ̀ á fà gùn, ègé tó dọ́gba nígbà tí o gé e yóò di ohun mìíràn kó tó dé ìdí máṣíìnì.

Títẹ̀ ni kí o gbé áyọ́ọ̀nù sókè, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sórí aṣọ, kí o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí o ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí o sì gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá kí o tó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lórí ègé, áyọ́ọ̀nù kì í rìn, fífò ló ń fò.

Bí ìdí rẹ̀ kò bá tíì yé ọ, mú ègé ankara kan dání. Òwú kan lọ gígùn nínú rẹ̀, òwú kejì dábùú rẹ̀. Fà á ní gígùn, kò ní tẹ̀lé ọ. Fà á ní ìbú, yóò tẹ̀lé ọ díẹ̀. Wá di igun kan mú, kí o fà á sí igun tó kọjú sí i: wàá rí i pé ó ń fà bíi rọ́bà. Bí a bá gé ègé onígun mẹ́rin sí méjì láti igun dé igun, ègé onígun mẹ́ta méjì la ó rí, etí tó gùn jù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa fà bẹ́ẹ̀. Etí yẹn gan-an ni lílọ̀ máa ń bà jẹ́ jù, bó bá sì ti fà, kò sí omi tàbí ooru tí yóò dá a padà bó ṣe wà.

Ohun tí ooru àti omi ń ṣe sínú òwú

Sẹ́lúlóòsì ni òwú. Nínú fọ́nrán rẹ̀, àwọn okùn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìdè háídírójìn ló sì so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ìdè yìí kò le púpọ̀. Omi lè tú u, ooru lè tú u. Nígbà tí o bá jókòó lé aṣọ rẹ nínú ọkọ̀ láti Galadimawa dé Wuse, ìgbóná ara àti òógùn tú ìdè náà, àwọn okùn náà yẹ̀ kúrò ní ipò wọn, ìdè sì tún so síbi tí wọ́n yẹ̀ sí. Bí aṣọ ṣe ń rún nìyẹn.

Títẹ̀ ń lo ọ̀nà kan náà fún ire. Ooru àti èéfín omi tú ìdè, ìwúwo áyọ́ọ̀nù to òwú síbi tí a fẹ́, ìtutù sì so ìdè padà. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni àwọn ọmọṣẹ́ máa ń fò. Wọ́n á tẹ ègé tán, wọ́n á já a gbà ní gbígbóná, wọ́n á jù ú sórí òkìtì. Ìdè kò tíì so nígbà yẹn, bí ègé náà bá sì ṣe wọ́ lórí òkìtì ni yóò ṣe so. Jẹ́ kí ó tutù síbi tí o ti tẹ̀ ẹ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, fi pákó pẹlẹbẹ tó mọ́ lé e bí o ti gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Pákó náà ń fa ooru àti omi mu, kò sì ní jẹ́ kí ègé náà wọ́.

Àwọn tó ṣíwájú wa mọ̀ pé aṣọ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, tipẹ́ kí áyọ́ọ̀nù tó wọ ìlú. Ńṣe ni wọ́n ń lu aṣọ. Nílẹ̀ Yorùbá, wọn a ká àdìrẹ tó ti gbẹ, wọn a gbé e sórí ìtì igi, wọn a sì fi kùmọ̀ igi lù ú títí yóò fi tẹ́, tí yóò sì máa dán. Ní Kofar Mata ní Kánò, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró láti nǹkan bí ọdún 1498, iṣẹ́ àwọn tó ń lu aṣọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ aláró. Ní Bàmákò, wọ́n ṣì ń lu bàsán, ìyẹn ṣadà, kí wọ́n tó gbé e fún télọ̀. Wò ó dáadáa: lílù ni, kì í ṣe fífà. Kùmọ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní kí áyọ́ọ̀nù máa ṣe.

Kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án

Fọ aṣọ tuntun kí o tó gé e. Jésù lo àpẹẹrẹ yìí nínú ìwé Mátíù, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ aṣọ tuntun mọ́ ògbólógbòó ẹ̀wù tí yíya rẹ̀ sì burú sí i. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé aṣọ tí omi kò tíì kàn rí yóò sún kì, yóò sì fa èyí tó ti sún kì tẹ́lẹ̀ ya. Nínú àpò àgékù wa, ṣadà kan lè ti di fífọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá nígbà tí ankara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tíì rí omi rí. Fọ gbogbo wọn. Fífọ̀ yóò tún bọ́ táàṣì tí ilé iṣẹ́ fi sára ankara, yóò sì fi èyí tí aró rẹ̀ ń ṣí hàn ọ́ kí ó tó ba funfun jẹ́.

Nígbà tí aṣọ bá ku díẹ̀ kó gbẹ, tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, kí ojú rẹ̀ má baà ṣá. Bí aṣọ bá fẹ́lẹ́ tàbí bí a bá fẹ́ gé e láti igun dé igun, fi táàṣì gbágùúdá sí i: ṣíbí kan nínú omi tútù díẹ̀, kí o dà á sínú omi tó ń hó, kí o máa rò ó títí yóò fi ki, kí o wá fi omi là á kó ṣàn. Ará Abẹ́òkúta tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní ṣe àjèjì sí ìkòkò yìí, àmọ́ tiwa kì í ṣe fún àwòrán. Ó ń mú aṣọ le bíi páálí kó má lè fà. Fọ táàṣì náà kúrò nígbà tí aṣọ ìbora bá parí, nítorí aáyán fẹ́ràn rẹ̀.

Ojú rírán: ibi tí iṣẹ́ wà

Ó yẹ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ níbí.

A máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, 1/4, sílẹ̀ ní etí ègé kọ̀ọ̀kan fún rírán. Ká sọ pé o gé ègé mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4½ íǹṣì, o sì fẹ́ rán wọn ní ìlà kan. Mẹ́sàn-án lọ́nà 4½ jẹ́ 40½. Ojú rírán mẹ́jọ ni yóò wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìdajì íǹṣì, nítorí etí méjì ló pàdé níbẹ̀. 4 íǹṣì lọ. Ìlà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 36½ íǹṣì. Wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o kò bá tẹ ojú rírán kó ṣí tán. Aṣọ á dì díẹ̀ sẹ́yìn òwú, ìdì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i, ká pè é ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì. Mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì. Ìlà rẹ ti di 36. Bí ìlà kejì bá sì wá láti ọwọ́ ẹni tó tẹ tirẹ̀ dáadáa, méjèèjì kò lè pàdé láéláé, bó ti wù kí o fà á tó.

Aṣọ ìbora àkọ́kọ́ tí mo rán kò jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Àárín rẹ̀ wú sókè, etí rẹ̀ sì ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí etí aṣọ ìyàwó tó ń gbálẹ̀. Mo tú òwú rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, mo rò pé máṣíìnì ló ṣì mí lọ́nà. Ìgbà tí mo wọn ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé máṣíìnì rán an bó ṣe yẹ. Èmi ni mo kó gbogbo títẹ̀ di ìgbà tí rírán bá parí.

Ìgbà mẹ́ta ni a ń tẹ ojú rírán kan. Àkọ́kọ́, bó ṣe ń kúrò lábẹ́ máṣíìnì, kí o tó ṣí i rárá, tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ègé méjèèjì ṣì kọjú síra. Èyí ń mú kí òwú rírán wọ inú aṣọ, ìrúnpọ̀ kékeré tí máṣíìnì fà sí i á sì tú. Lẹ́yìn náà ṣí ègé òkè, kí o fi èékánná tàbí ẹ̀yìn ṣíbí fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè ṣí títí dé orí òwú, kí o tẹ̀ ẹ́ láti ojú. Ìgbà kẹta ni kí o yí i padà, kí o tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, kí o sì wò ó bóyá etí tó fi pamọ́ dùbúlẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ibo ni kí etí náà dojú kọ? Bí ègé kan bá dúdú tí èkejì sì funfun, kọ etí sí ìhà dúdú, nítorí bí o bá kọ ọ́ sí ìhà funfun, òjìji rẹ̀ á hàn lójú aṣọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ju ti àwọ̀ lọ. Bí ìlà kìíní bá kọ gbogbo etí rẹ̀ sí ọ̀tún, kí ìlà kejì kọ tirẹ̀ sí òsì. Nígbà tí o bá gbé ìlà méjèèjì lé ara wọn láti rán wọn pọ̀, etí tó lọ sọ́tùn-ún yóò fi ara ti èyí tó lọ sósì, wọn yóò sì há mọ́ra bí ìgbà tí ìka ọwọ́ méjì bá há mọ́ra. Ìka rẹ yóò mọ̀ ọ́n lára kí ojú rẹ tó rí i. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pàdé síbi kan ṣoṣo. Ọmọṣẹ́ kan bi mí nígbà kan pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé píìnì kọ́ ló ń jẹ́ kí igun pàdé ni?" Mo ní kó yọ gbogbo píìnì kúrò, kó ti ìlà méjèèjì sún mọ́ra pẹ̀lú àtàǹpàkò. Nígbà tó rí i pé wọ́n dúró síbi tí ó ti wọ́n sí, kò tún bi mí mọ́.

Àwọn kan ń ya etí sí méjì, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ó máa ń tẹ́ dáadáa, ó sì dára níbi tí ègé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ bá ti pàdé, nítorí bí gbogbo etí bá kọrí sí ibì kan, kókó tí abẹ́rẹ́ kò ní lè gún á wà níbẹ̀. Má ṣe é káàkiri, ṣáá. Etí tí a yà sí méjì fi òwú rírán nìkan sílẹ̀ láàárín ojú aṣọ àti fáíbà inú rẹ̀. Bí o bá sì wá rán aṣọ ìbora gba orí ojú rírán yẹn, kò sí aṣọ tí abẹ́rẹ́ yóò dì mú.

Àgékù tó wá láti ibi púpọ̀

Ìṣòro Galadimawa gan-an nìyí: ìwọ̀n ooru tí aṣọ kọ̀ọ̀kan nínú àpò náà lè gbà kò dọ́gba. Ẹni tó ra aṣọ kan náà fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ní in.

Àmì tó wà lára áyọ́ọ̀nù iná àti lébẹ́ẹ̀lì aṣọ rọrùn láti kà: tóótó kan kò gbọdọ̀ kọjá 110°C, méjì kò gbọdọ̀ kọjá 150°C, mẹ́ta kò gbọdọ̀ kọjá 200°C. Òwú gidi lè gba mẹ́ta. Pólíẹ́sítà kò lè gbà á: ní nǹkan bí 260°C ló ń yọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀ rárá ni yóò ti rọ̀, tí yóò máa dán lọ́nà tí a kò fẹ́, tí yóò sì sún kì. Àgékù kì í ní lébẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, fa òwú díẹ̀ yọ lára rẹ̀, fi ẹ̀mú dì í mú lórí àwo, kí o tanná ràn án. Òwú gidi á jó bíi bébà, òórùn bébà ni yóò ní, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lábẹ́ ìka. Pólíẹ́sítà á yọ́, á di kókó dúdú líle. Bí méjèèjì bá wà nínú aṣọ ìbora kan, ìwọ̀n ooru tí èyí tó kéré jù lè gbà ni kí o fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Aṣọ òkè òde òní tó ní òwú tó ń dán bíi fàdákà kò fẹ́ ooru rárá; fi aṣọ òwú tó tutù díẹ̀ bò ó kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án. Sányán náà, bí o bá rí i, fi aṣọ bò ó, kí o sì fi ọ̀wọ̀ bá a lò, nítorí kì í ṣe ohun tí a ń rí lójoojúmọ́. Àrán ní irun, irun náà á sì dùbúlẹ̀ bí o bá tẹ̀ ẹ́ láti ojú. Tẹ́ àrán mìíràn sórí tábìlì, irun sókè, da ojú ti tìrẹ dé e, kí o fi èéfín omi nìkan kan ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ń rán agọ̀ egúngún ti ń bá irú àdàlù yìí jà tipẹ́. Ní ọdún 2019, Brooklyn Museum ní New York pàtẹ agọ̀ kan ṣoṣo tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó sì lé ní 300 aṣọ láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà tó para pọ̀ di ẹyọ agọ̀ yẹn.

Bákan náà, aṣọ tí a fi òwú kún inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ìhà Àríwá. Lífídì ni àwọn Haúsá ń pe ìhámọ́ra ẹṣin ogun tí wọ́n fi aṣọ rán, tí wọ́n sì ki òwú igi àràbà sínú rẹ̀. Ní Làìbéríà ẹ̀wẹ̀, Martha Ann Ricks, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Tennessee, rán aṣọ ìbora kan tó ní àwòrán igi kọfí pẹ̀lú ewé àti èso rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún Ọbabìnrin Victoria ní Windsor ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1892. Bí o bá fẹ́ rán ewé lé aṣọ bíi tirẹ̀, gé ewé náà lára páálí, fi aṣọ bò ó, ká etí aṣọ sẹ́yìn páálí, kí o tẹ̀ ẹ́ kó tutù, kí o wá yọ páálí kúrò kí o tó rán an. Ìtẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹnu ewé mú.

Bí iná kò bá sí

Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò ní ibi tí a ti ń yí ooru, ṣùgbọ́n ó wúwo, ìwúwo sì dára fún títẹ̀. Níta ni kí o ti fẹ́ ẹ, kí o gbọn eérú rẹ̀ dànù, kí o nu ìdí rẹ̀ mọ́ aṣọ tútù. Kán omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀: bí omi bá hó pẹ̀ṣẹ̀ tó sì gbẹ jẹ́ẹ́, ó tó fún òwú, bí ó bá fò kúrò lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù. Dán an wò lára àgékù tí o kò nílò. Má ṣe lò ó nínú yàrá tí a ti fèrèsé pa, nítorí èéfín èédú tí kò ní òórùn lè pa ènìyàn. Kí o sì parí gbogbo títẹ̀ kí o tó fi fáíbà sí inú aṣọ ìbora. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru yóò tẹ fáíbà pẹlẹbẹ tàbí kó yọ́ ọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Gé ègé ankara méjìdínlógún láti inú aṣọ kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4½ íǹṣì. Rán mẹ́sàn-án ní ìlà kan láìtẹ ohunkóhun, kí o sì lọ̀ ọ́ níkẹyìn bí ìgbà tí ò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Rán mẹ́sàn-án yòókù, kí o tẹ ojú rírán kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ lókè, kí o jẹ́ kí ó tutù. Fi téèpù wọn ìlà méjèèjì ní òkè, ní àárín, ní ìsàlẹ̀. Kọ iye mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ sínú ìwé rẹ, kí o sì mú ìlà méjèèjì wá sí kíláàsì. 36½ íǹṣì ni a ń wá.